Gbèsè Tí Freud Jẹ Tíátà

Láyé ìgbà tí Jean-Martin Charcot ń ṣe dókítà ní ilé ìwòsàn Salpêtrière ní ìlú Paris, bí ọjọ́ Ìṣẹ́gun bá pé, ńṣe ni èrò máa ń ya wọ gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Kì í ṣe àwọn dókítà nìkan. Akọ̀ròyìn ń wá, òǹkọ̀wé ń wá. Wọn á mú àwọn obìnrin tí hísítéríà ń yọ lẹ́nu jáde, Charcot á fi ọgbọ́n kùn wọ́n lóorun lójú gbogbo ayé, àìsàn náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára wọn: ọwọ́ á le gan-an, ara á máa gbọ̀n. Ní ọdún 1887, André Brouillet ya àwòrán ńlá kan nípa rẹ̀. Blanche Wittmann, tí ó lókìkí jù nínú àwọn aláìsàn náà, ló ń ṣubú sẹ́yìn sọ́wọ́ dókítà kan, nọ́ọ̀sì sì ti nawọ́ láti gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ wo ògiri ẹ̀yìn dáadáa. Àwòrán obìnrin mìíràn ni wọ́n fi kọ́ síbẹ̀, ara rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, ọ̀gangan ibẹ̀ sì ni Wittmann kọjú sí, àfi bí ẹni pé wọ́n ti gbé ipa tí yóò kó síwájú rẹ̀. Àìsàn ni àbí eré? Wọ́n ṣì ń jiyàn lé e lórí títí di òní.

Sigmund Freud, ọmọ ọdún 29 láti Vienna, wà lára àwọn tó ń wòran. Oṣù kẹwàá ọdún 1885 ló dé Paris, ó sì wà níbẹ̀ di oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó wà níbẹ̀, ó lọ wo Sarah Bernhardt lórí ìtàgé, ó sì kọ lẹ́tà nípa rẹ̀ sí Martha Bernays, àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ẹ̀dà àwòrán Brouillet yẹn wà lára ògiri yàrá tí Freud ti ń gba àlejò aláìsàn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìdílé Martha pàápàá ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Aristotle ti sọ tipẹ́ pé eré oníbànújẹ́ máa ń ti inú àánú àti ìbẹ̀rù ṣe katharsis fún òǹwòran. Ní ọdún 1857, Jakob Bernays, arákùnrin bàbá Martha, kọ̀wé pé ọ̀rọ̀ oníṣègùn ni èyí: bí oògùn ṣe ń fọ inú ni eré ṣe ń fọ ọkàn. Nígbà tí Freud àti Josef Breuer gbé ìwé wọn lórí hísítéríà jáde ní ọdún 1895, orúkọ katharsis yìí gan-an ni wọ́n fi pe ìtọ́jú wọn. Bertha Pappenheim, aláìsàn Breuer tí ìwé náà pè ní Anna O., ti sọ fún un pé òun ní tíátà kan nínú orí òun tí òun nìkan ń wò.

Freud ò pẹ́ tó fi pa tíátà Charcot tì. Ó jáwọ́ nínú kíkun ènìyàn lóorun, ó ní kí aláìsàn dùbúlẹ̀ sórí àga gígùn, òun fúnra rẹ̀ jókòó sí ìhà orí, níbi tí wọn ò ti lè rí i. Àwọn àgbà Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Freud ní rárá, etí ni. Ibí ni wọ́n ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtúpalẹ̀ ọkàn: kí ènìyàn máa sọ ohun tó bá sọ sí i lọ́kàn, títí ohun tó fara sin yóò fi yọjú.

Ọdún kan lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1897, ó kọ̀wé sí Wilhelm Fliess ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun rí i nínú ara òun pé òun fẹ́ràn ìyá òun, òun sì ń jowú bàbá òun. Ó ní ìdí nìyẹn tí eré Sophocles lórí Ọba Oedipus fi ń mú ènìyàn lọ́kàn, ó sì fi Hamlet ti Shakespeare kún un nínú lẹ́tà kan náà. Gbogbo ayé ló mọ apá ti ìyá àti bàbá yìí. Lójú tèmi, ohun mìíràn tí Freud sọ nípa eré náà nínú ìwé rẹ̀ lórí àlá ló wúwo jù. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó burú ti ṣẹlẹ̀ tán: Oedipus ti pa bàbá rẹ̀, ó sì ti fẹ́ ìyá rẹ̀, láìmọ̀. Ìbéèrè ni ọba ń bi kiri: ó bi ẹni tó jíṣẹ́, ó bi darandaran, ó ń wá apànìyàn, ara rẹ̀ ló sì wá mú. Freud ní bí iṣẹ́ ìtúpalẹ̀ ọkàn ṣe ń lọ gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá sọ pé eré lásán ni Freud fi ṣe àpẹẹrẹ ò tíì wò ó dáadáa. Inú eré ló ti rí ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀.

Tíátà náà padà wá yá nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Hugo von Hofmannsthal ka ìwé hísítéríà yẹn kó tó gbé Elektra jáde ní ọdún 1903. Arthur Schnitzler, òǹkọ̀wé eré tí òun náà jẹ́ dókítà, gba lẹ́tà lọ́wọ́ Freud ní ọdún 1922, níbi tí Freud ti jẹ́wọ́ pé òun ń sá fún un nítorí pé ó jọ òun jù. Ní London, Laurence Olivier lọ bá Ernest Jones, ọmọlẹ́yìn Freud, kó tó ṣe Hamlet ní ọdún 1937. Freud kọ àpilẹ̀kọ kúkúrú kan lórí àwọn aláìsàn ọkàn nínú eré, ó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ Max Graf, Freud ò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí ó fi kú. Ọmọ Graf ni "Hans kékeré" tí ẹ̀rù ẹṣin ń bà, tí Freud kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1909. Nígbà tí Hans dàgbà, kí ló ṣe? Olùdarí eré ọ́pẹ́rà ni.

Dókítà Jacob Levy Moreno ló wá yí gbogbo rẹ̀ padà. Ní Vienna náà ló ti bẹ̀rẹ̀ eré àìkọ́sílẹ̀, ó kó lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1925, ó sì ṣí ilé ìtọ́jú sí Beacon ní ìpínlẹ̀ New York ní ọdún 1936, tòun ti ìtàgé. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, aláìsàn ò dùbúlẹ̀. Ó ń dìde, ó ń ṣe bíi bàbá rẹ̀, ó ń bá àga òfìfo sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òkú jókòó síbẹ̀.

Ní Ifẹ̀, ní ọdún 1968, Ọlá Rótìmí wọ agbádá Yorùbá fún Oedipus nínú The Gods Are Not to Blame. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fẹ́ ti Freud bọ inú Ọdẹ́wálé, Oedipus inú eré náà. Kò wọ̀ ọ́. Ọdẹ́wálé pa Adétúsà, bàbá rẹ̀ tí kò mọ̀, nítorí pé Adétúsà bú àwọn ènìyàn rẹ̀, ogun abẹ́lé sì ń jà ní Nàìjíríà nígbà náà. Ẹ̀yin ọmọ tíátà tí ẹ ó tún gbé e sórí ìtàgé, ẹ ka Sophocles kí ẹ tó ṣí ìwé Freud. Freud alára, bẹ́ẹ̀ ló ṣe: nínú ìdánwò àṣejáde rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní ọdún 1873, ìlà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nínú Ọba Oedipus ni wọ́n ní kó túmọ̀, ó sì ti kà á ṣáájú.