Igbó Ọba Omo: Igi Kan Kì Í Dá Igbó Ṣe

Ẹni tí ó bá dé Jakande Estate ní Ìsọlọ̀, tí ó wo àwọn ilé tí ìjọba Alhaji Lateef Jakande (1979–1983) kọ́ fún mẹ̀kúnnù, sìmẹ́ńtì ni yóò kọ́kọ́ rí. Pákó kì í sábà wá sí ọkàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni, pákó ni àwọn kọ́lékọ́lé fi ń gba kọnkéré dúró, òun náà ni wọ́n fi ń kan òrùlé. Bí Èkó ti ń gbòòrò ni ọjà pákó Èbúté-Mẹ́tta ń gbòòrò, tí gẹdú ń gba orí ọ̀sà wọ ìlú láti igbó Ìjẹ̀bú àti Oǹdó.

Ọ̀kan nínú àwọn igbó wọ̀nyí ni igbó ọba Omo, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn òde òní. Ìjọba amúnisìn fi òfin yà á sọ́tọ̀ ní 1925. Ó fẹ̀ tó 130,500 hẹ́kítà. Kì í ṣe pé wọ́n ka igi gígé léèwọ̀ níbẹ̀. Àgbẹ̀ ni wọ́n dá dúró. Agégẹdú tí ó ní ìwé àṣẹ ń wọlé. Ní 1946 ni wọ́n tó ya 460 hẹ́kítà péré sọ́tọ̀ pé kí ayùn má kàn án rárá.

Ewu tí ó ju ayùn lọ ṣì ń bọ̀. Agégẹdú a máa ṣa ìrókò, ògànwó àti arère gé, a sì fi ìyókù sílẹ̀. Láti àwọn ọdún 1960 ni ìjọba fúnra rẹ̀ ti ń pa igbó àdáyébá rẹ́ pátá, tí ó ń gbin gmelina, igi ilẹ̀ Éṣíà tí ó ń tètè dàgbà, dípò rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìwé Ìwópin ni wọ́n ń pèsè rẹ̀ sílẹ̀ fún. Ilé-iṣẹ́ náà kò ṣiṣẹ́ dé ibi tí wọ́n fojú sí. Igbó tí wọ́n pa nítorí rẹ̀ kò sì padà. Àwọn àgbẹ̀ olóko kòkó náà tún wọlé.

Ní 1977, UNESCO ka igbó Omo mọ́ àwọn ibi tí ó yẹ kí gbogbo ayé dáàbò bò. Erin ṣì ń gbé ibẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n nínú oko gmelina, oníṣègùn kò rí ewé àti egbò tí ó ń wá. Àwọn àgbà tí ó sọ pé igi kan kì í dá igbó ṣe kò mọ gmelina, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn bá a mu: ẹni tí ó gbin igi kò tíì gbin igbó.