Oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú tí akẹ́kọ̀ọ́ lè sè jẹ yó

₦20,000 ni àjọ NELFUND, tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ń san lóṣooṣù fún ẹni tó bá bèèrè fún owó ìgbọ́bùkátà lábẹ́ òfin tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù lóṣù kẹrin, ọdún 2024. Bí èèyàn bá pín in sí ọgbọ̀n ọjọ́, kò pé ₦670 lójúmọ́. Inú rẹ̀ náà ni owó ọkọ̀, owó ọṣẹ àti owó ẹ̀dà ìwé yóò ti jáde kó tó kan ọ̀rọ̀ ikùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò yáwó rárá, tó jẹ́ pé ohun tí bàbá àti ìyá bá rí fi ránṣẹ́ ló ń ná, lè má rí tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wà nírú ipò yìí, tó sì ń jẹun ní búkà lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, kí oṣù tó dé ìdajì ni yóò ti máa wá ẹni tí yóò yá a lówó.

Nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, ilé oúnjẹ ńlá wà nínú ọgbà yunifásítì, ìjọba sì ń bá akẹ́kọ̀ọ́ san lára owó oúnjẹ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé owó oúnjẹ òòjọ́ kúrò ní náírà kan ààbọ̀ sí náírà méjì lọ́dún 1978, ìwọ́de tí wọ́n pè ní 'Ali Must Go' ló tẹ̀ lé e, ẹ̀mí sì bá a lọ. Lọ́dún 1984 ni ìjọba ológun wá gbọ́wọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà. Láti ìgbà náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ti di alásè ara rẹ̀, gàrí sì ni ọ̀pọ̀ wọn sá di.

Gàrí kò ṣẹ̀. Ó ń yóni, kò nílò iná bí wọ́n bá fẹ́ mu ún, ó sì ń pẹ́ nílẹ̀ kó tó bàjẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé èròjà tó ń mú ara dàgbà, èyí tí wọ́n ń pè ní purotéènì, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú rẹ̀. Nínú gíráàmù 100 gàrí, purotéènì tó wà níbẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù kan lọ, nígbà tí ti ẹ̀wà gbígbẹ tó nǹkan bíi 23, ti ẹ̀pà sì tó bíi 25. Kì í ṣe nítorí adùn nìkan ni wọ́n ṣe ń fi ẹ̀pà mu gàrí. Ẹni tó bá mu gàrí lásán láàárọ̀, tó tún fi ọbẹ̀ ata lásán jẹ ẹ̀bà lálẹ́, yóò yó lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí ara yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ohun tí wọn kò fún un.

Ẹ̀wà ló yẹ kó jẹ́ òpó ìkòkò akẹ́kọ̀ọ́. Òótọ́ ni pé owó rẹ̀ gbẹ́nu sókè gan-an lẹ́yìn ọdún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, síbẹ̀, bí wọ́n bá fi í wé ẹran, ẹja ńlá tàbí ẹyin, òun ni owó kékeré fi ń ra purotéènì púpọ̀. Ohun tó mú kí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa sá fún un ni iná. Bí ẹ̀wà bá lo wákàtí méjì lórí sítóòfù, ohun tí wọ́n ń pè ní oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú ti jẹ owó kẹrosíìnì tán. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà tí wọ́n ń dá sí i.

Bí agbára bá ká a, ẹ̀wà olóyin ni kí wọ́n rà, nítorí ó máa ń tètè rọ̀ ju dúrọ́ọ̀mù lọ, ó sì ń dùn láìfi ohun púpọ̀ sí i. Kí wọ́n ṣà á dáadáa, kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi láti alẹ́ mọ́jú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí wọ́n da omi náà nù, kí wọ́n sì tún fi omi mìíràn ṣàn án. Dída omi nù yìí kì í ṣe kí inú má baà wú nìkan. Àwọn oníṣòwò kan máa ń fi oògùn apakòkòrò sí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Oògùn dichlorvos tí wọ́n bá lára ẹ̀wà Nàìjíríà ló mú kí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de gbígbà á wọlé lọ́dún 2015, ọdún 2019 sì ni àjọ NAFDAC fòfin de títa oògùn náà nínú ìgò kékeré. Fífọ̀ lè dín in kù, kò lè mú un kúrò tán. Nítorí náà, ẹ̀wà tó bá ń rùn bí oògùn, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Èyí tí kòkòrò díẹ̀ wà nínú rẹ̀ ṣeé ṣà. Ó tilẹ̀ ń fọkàn ẹni balẹ̀ ju èyí tí kòkòrò kankan kò lè sún mọ́ lọ. Bí wọ́n bá rà á délé, kí wọ́n dà á sínú ike tó gbẹ, kó kún dé ẹnu, kí wọ́n sì dé e pinpin. Kòkòrò tí kò bá rí afẹ́fẹ́ mí kò ní lè pọ̀ sí i níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sè é, kí wọ́n gbé ẹ̀wà tí wọ́n ti rẹ náà kaná pẹ̀lú omi tuntun àti àlùbọ́sà, kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, kí wọ́n má ṣe ṣí ìdérí rẹ̀, kí wọ́n fi kúbùsù tàbí aṣọ tó nípọn wé ìkòkò náà yípo, kí wọ́n sì gbé e sínú páálí. Ooru inú rẹ̀ ni yóò máa bá iṣẹ́ lọ nígbà tí ẹni tó ni ín bá wà ní kíláàsì. Bí ó bá dé lẹ́yìn bíi wákàtí méjì, ẹ̀wà náà yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ tán. Kó má jẹ́ kó ju wákàtí mẹ́ta lọ kó má baà bàjẹ́. Ìgbà náà ni yóò gbé e padà síná, tí yóò fi iyọ̀, ata gígún, edé àti epo pupa sí i, tí yóò sì jẹ́ kó tún hó dáadáa kó tó jẹ ẹ́. Nígbà tí àgbàdo tútù bá wà lóde, ó lè fi kún un kó di adàlú. Ohun tí purotéènì ẹ̀wà ṣàìní, àgbàdo àti ìrẹsì ní in, ìdí nìyí tí àwọn méjèèjì fi ń bá ẹ̀wà rìn. Ọsàn kan lẹ́yìn oúnjẹ yóò sì jẹ́ kí ara rí èròjà irin inú ẹ̀wà lò.

Ní ti ìrẹsì, èyí tí wọ́n ń fi epo pupa sè nínú ìkòkò kan ṣoṣo ló rọrùn jù. Fún agolo mílíìkì méjì, ṣíbí epo mẹ́ta tó. Kí wọ́n fi àlùbọ́sà, irú àti ata gígún sínú epo tó ti gbóná díẹ̀, kí wọ́n da omi bí agolo mẹ́rin sí i, kí wọ́n fi edé tàbí ẹja sáwá gbígbẹ àti iyọ̀ sí i, kí wọ́n wá da ìrẹsì tí wọ́n ti ṣàn sínú rẹ̀, kí wọ́n dé e. Nígbà tí omi bá ń gbẹ lọ, kí wọ́n da ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n ti rẹ́ lé e lórí. Ẹni méjì yóò jẹ ẹ́ yó. Tòmátì kò sí nínú rẹ̀ rárá, èyí sì ṣe pàtàkì, nítorí láàárín oṣù kẹrin sí oṣù keje lọ́pọ̀ ọdún, owó tòmátì kì í ṣe ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń sún mọ́.

Kí wọ́n má ṣe fi ìrẹsì sílẹ̀ mọ́jú níbi tí kò ti sí ẹ̀rọ amóhuntutù. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó máa ń pọ̀ nínú ìrẹsì tó ti tutù, oró tó bá sì tú síbẹ̀, gbígbé e kaná padà kò lè pa á. Ìwọ̀n tí wọ́n máa jẹ tán ni kí wọ́n sè.

Ibi tí owó ń gbà sọnù jù ni ríra nǹkan ní bín-ín-tín bín-ín-tín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ibùgbé. Ẹni mẹ́rin tó bá dá owó jọ, tí ẹnì kan lára wọn sì lọ sí ọjà ńlá láti ra ẹ̀wà, gàrí àti ìrẹsì ní kóńgò kóńgò, yóò rí i pé ó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń fi agolo wọ̀n. Ní Ìbàdàn, ọjà Bódìjà tí kò jìnnà sí Yunifásítì Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ ń lọ.

Ọ̀rọ̀ iná ló kù. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni kò fàyè gba sísè oúnjẹ nínú yàrá, ó sì nídìí. Kẹrosíìnì tí wọ́n bá fi bẹntiróòlù là lè bú gbàmù, wọn kì í sì í da epo sínú sítóòfù tó bá ń jó lọ́wọ́, bó ti wù kí ebi máa pani tó. Òórùn tí gáàsì ní, wọ́n dìídì fi sí i ni kí èèyàn lè mọ̀ bó bá ń jò. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ, kí wọ́n ti sílíńdà pa, kí wọ́n ṣí fèrèsé, kí wọ́n má fọwọ́ kan bọ́tìnnì iná kankan. Èédú ló ń tan àwọn tó fẹ́ ṣọ́wó ná jẹ jù. Èéfín rẹ̀ kì í pọ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbé e wọ yàrá bí òjò bá ń rọ̀. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ olóró kábọ́ọ̀nù mònókísáídì tó ń jáde lára rẹ̀ kò ní òórùn, kò sì ṣeé fojú rí, ó sì lè pa ẹni tó bá sùn tì í láìjẹ́ pé ó ta jí. Ìta gbangba ni ààyè iná èédú. Bí òjò kò bá sì jẹ́ kí ìta ṣeé dé, gàrí àti ẹ̀pà kò nílò iná.