Kí Ni Ká Pe Tau Ní Yorùbá?

Iṣan ni Yorùbá ń pe ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Iṣan náà ni ẹran ara tó ń le nígbà tí èèyàn bá gbé ẹrù wúwo. Iṣan yìí kan náà la tún ń pe okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ìmọ̀lára láti ìka ẹsẹ̀ lọ sókè. Bí bàbá àgbà bá ní “iṣan ń fà mí,” ọwọ́ dókítà ló kù sí láti mọ èyí tó ń sọ. Fún ti inú orí, “sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ” ti tó, ẹnikẹ́ni kì í bá mi jiyàn lórí ẹ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì náà gan-an ni iṣẹ́ ìsọlórúkọ wà.

Sẹ́ẹ̀lì irú èyí, tó wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn náà, máa ń ní apá gígùn kan. Èyí tó ti ọ̀pá ẹ̀yìn dé ẹsẹ̀ lè gùn tó mítà kan. Nínú apá náà ni àwọn ọ̀pá oníhò wà, tí ìbú wọn jẹ́ nánòmítà 25 péré. Prótéènì túbúlìn ló so kọ́ra tó di ọ̀pá. Àwọn kan á ní ká pè é ní páìpù. Mi ò gbà. Ohun tí a bá pè ní páìpù, inú ẹ̀ ni nǹkan ń gbà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀pá yìí ni ẹrù ń tọ̀. Prótéènì kinesin ń gbé ẹrù lọ sí ìkángun apá náà, prótéènì dynein ń gbé e padà bọ̀. “Arùlọ” àti “arùbọ̀” ni mo ń pè wọ́n, ó sì rọ̀ mí lọ́rùn.

Ará Awoye ni ọ̀rọ̀ ọ̀pá yìí lè tètè yé jù. Ní ìlú apẹja yìí, létí òkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, orí òpó ni ilé wà, pákó tí wọ́n kàn mọ́ òpó sì lọ̀nà. Omi iyọ̀ ń jẹ pákó, òkun ń gba ilẹ̀, wọ́n sì ń tún un kàn láìsinmi. Ọ̀pá inú sẹ́ẹ̀lì náà kò yàtọ̀: ibì kan dúró digbí, ibòmíràn ń tú, ó tún ń gùn. Àwọn onímọ̀ sẹ́ẹ̀lì Tim Mitchison àti Marc Kirschner ló tẹ ọ̀rọ̀ títú àti gígùn yẹn jáde ní 1984.

Ní 1975 ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ prótéènì kan tó ń jẹ́ tau, ní Princeton, pé òun ló ń jẹ́ kí túbúlìn di ọ̀pá. Látìgbà náà ni ìwé ń tún un kọ pé tau ló ń mú ọ̀pá dúró. Ká ní mo tẹ̀ lé wọn ni, “ìṣó” ni ǹ bá pè é, kò sì sí ọmọ Awoye tí kò mọ iṣẹ́ ìṣó. Ṣùgbọ́n ní 2018, Peter Baas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Philadelphia dín tau kù nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ eku, wọ́n sì rí i pé apá ọ̀pá tó ń tú tó ń gùn ló dín kù. Ìyókù tiẹ̀ wá le sí i ni. Pákó tuntun ni tau ń bá rìn, kì í ṣe ògbólógbòó. Gbogbo onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí ẹ̀, àmọ́ ìṣó ti yẹ̀.

Nínú ìwé Èdè Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, ọ̀rọ̀ gírámà lè fi iṣẹ́ jẹ́ orúkọ kó sì pẹ́ nílẹ̀, torí àrànmọ́, ìyẹn kí ìró kan ran èkejì, kò ní ṣíwọ́ àrànmọ́. Ìmọ̀ sẹ́ẹ̀lì kò dúró bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń pe gbogbo ẹbí prótéènì tó ń lẹ̀ mọ́ ọ̀pá, tí tau wà lára wọn, ní “prótéènì alábàárìn ọ̀pá”: alábàárìn lè gbeni ró, ó sì lè máa tẹ̀ lé ni lásán. Tau jẹ́ tau. Ọmọ ìyá rẹ̀ tó ń jẹ́ MAP2, tó ń gbé nínú àwọn ẹ̀ka kúkúrú, kó máa jẹ́ MAP2.

Bí fọ́síféètì bá pọ̀ jù lára tau (àgbẹ̀ tó ń ra ajílẹ̀ mọ fọ́síféètì, mi ò yí i padà), ó máa ń jábọ́ lára ọ̀pá, á wá lọ́ pọ̀ mọ́ra. Ìlọ́pọ̀ yẹn wà lára ohun tí dókítà Alois Alzheimer ṣàlàyé ní 1906, lẹ́yìn tó yẹ ọpọlọ aláìsàn rẹ̀, Auguste Deter, wò. Ọ̀pọ̀ arúgbó tí orí wọn pé ní díẹ̀ nínú ẹ̀. Nítorí náà mi ò fara mọ́ ẹni tó ń fi “arán” túmọ̀ àìsàn tí wọ́n fi orúkọ Alzheimer pè. Arán ni wọ́n ń sọ sí àgbà bíi pé ọjọ́ orí fún un láṣẹ, èébú sì wà níbẹ̀. Yorùbá ní “iyè rẹ̀ ti rá”. “Àrùn iyèrírá” ni kó jẹ́.

Ìwádìí Ìbàdàn àti Indianapolis, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1992, ní láti ya ogbó lásán sọ́tọ̀ kúrò lára àìsàn yìí. Wọ́n bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ ní àdúgbò Ìdíkàn n’Ìbàdàn, wọ́n sì bi ará ilé wọn léèrè, torí púpọ̀ wọn kò kàwé. Àbájáde 2001 fi hàn pé lọ́dún kan, ìdá 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà Yorùbá ni àrùn iyèrírá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe, ìdá 2.52 láàárín àwọn àgbàlagbà Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú. Ká ní “Ṣé màmá ti ń ṣarán?” ni wọ́n bi ọmọ, yóò ní rárá, kò ní jẹ́ bú ìyá ẹ̀ lójú àlejò. Bí nọ́ọ̀sì bá máa bi ọmọ ní Awoye, kó ní: “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé màmá ṣì ń dá mọ ọ̀nà ilé bọ̀ látọjà?”