Ọrùn-ẹsẹ̀ Rírọ́ àti Ọjọ́ Ìpadà sí Pápá

Ara kò jìnnà sí Ẹdẹ. Ó wà ní àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọ̀rẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ìlú Yorùbá gbogbo, ọ̀nà méjì ni ó ṣí sílẹ̀ fún ọmọ ilé-ìwé tí ó bá fi ẹsẹ̀ rọ́ lórí pápá bọ́ọ̀lù: ilé teguntegun àti ilé-ìwòsàn. Àríyànjiyàn lórí èyí tí ó dára jù nínú méjèèjì ti pẹ́, kò sì jọ pé yóò tán lọ́la. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ẹnu kì í sábà kàn, tí ó sì ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ: ọjọ́ wo ni ọmọ náà lè padà sí pápá, kí sì ni yóò jẹ́rìí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tó? Ọrùn-ẹsẹ̀ tí ó ti rọ́ rí ni ó yá jù láti tún rọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìpalára ẹlẹ́ẹ̀kejì àti ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni ó sì sábà máa ń lé ọ̀dọ́ kúrò nídìí bọ́ọ̀lù.

Àwọn baba wa kò ṣàìní ìdáhùn. Teguntegun a máa fi omi gbígbóná àti òrí wọ́ ẹsẹ̀ tí ó wú. Bí egungun bá ṣẹ́, a fi ọparun tí a là wẹ́wẹ́, tí a hun pọ̀ bí ẹní, dì í. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ adìẹ. Ní ọ̀dọ̀ àwọn kan nínú wọn, a ó ṣẹ́ adìẹ ní ẹsẹ̀, a ó sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an bí a ti di ti aláìsàn. Ọjọ́ tí adìẹ bá fi ẹsẹ̀ náà tẹ ilẹ̀ tí ó sì rìn, ọjọ́ náà ni a ó ní kí aláìsàn dìde.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti fi adìẹ yìí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ti yá jù. Adìẹ ni ó ń ka ọjọ́ fún aláìsàn. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹni tí ìrora ti fi sílẹ̀ rò pé ara òun ti dá. Àbùkù rẹ̀ ni pé egungun adìẹ kì í ṣe egungun ènìyàn, ẹsẹ̀ tí ó rọ́ kì í sì í ṣe ẹsẹ̀ tí ó ṣẹ́. Ewu tí ó ju ìyẹn lọ wà nínú ọparun. Bí a bá dì í le jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ a sì kú; àwọn oníṣègùn ti gé irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Ní ti ọmọ tí ó ṣì ń dàgbà, ibi tí egungun ti ń gùn sí i kì í le tó iṣan tí ó so mọ́ ọn, nítorí náà ohun tí ó jọ rírọ́ lè jẹ́ ṣíṣẹ́. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fa irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí a tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìlànà tí àwọn dókítà ìlú Ottawa ní Kánádà gbé jáde ní ọdún 1992 rọrùn láti rántí: bí ẹni tí ó fara pa kò bá lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, tàbí tí egungun kókósẹ̀ ń dùn ún nígbà tí a tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, kí a ya àwòrán rẹ̀.

Láti ara ogun ni ìtọ́jú tí a ń fi eré-ìdárayá ṣe ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ibùdó tí a ṣí ní Ìgbóbì, ní Èkó, ní ọdún 1943 fún àwọn ọmọ-ogun tí ó gbọgbẹ́ di ilé-ìwòsàn egungun ní ọdún 1945, ọdún náà sì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọmọ Nàìjíríà ní iṣẹ́ físíò níbẹ̀. Nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù wa lọ sí Ìlú Ọba ní ọdún 1949, Tesilimi Balógun pẹ̀lú wọn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù níwájú àwọn tí ó wọ bàtà, iṣẹ́ náà kò tíì pé ọdún márùn-ún ní orílẹ̀-èdè yìí. Ọdún 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè nínú rẹ̀.

Ọdún kan ṣáájú èyí, ní 1965, ni Michael Freeman, oníṣẹ́-abẹ egungun ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ àwọn ìwádìí kan jáde tí ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ṣàlàyé pé iṣan tí ó so egungun ọrùn-ẹsẹ̀ pọ̀ kì í ṣe okùn lásán: inú rẹ̀ ni àwọn fọ́nrán ìmọ̀lára wà, tí ń ròyìn fún ọpọlọ bí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ sí. Bí iṣan bá ya, ìròyìn náà a dàrú. Ìrora lè lọ, kí wíwú lọ, síbẹ̀ kí ẹsẹ̀ má gbọ́ràn mọ́. Bí ọmọ náà bá sì yí padà lójijì lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, a tún rọ́. Freeman ní kí àwọn aláìsàn rẹ̀ máa dúró lórí pátákó tí ń mì, kí ẹsẹ̀ lè tún kọ́ ohun tí ó gbàgbé. Ẹsẹ̀ àwọn tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ kò yẹ̀ mọ́ wọn lábẹ́ tó ti àwọn tí kò ṣe é.

Láti ibẹ̀ ni ètò tí a ń tẹ̀ lé lónìí ti dàgbà. Bí ó bá ti dájú pé egungun kò ṣẹ́, a kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ gan. Ọmọ náà yóò jókòó, yóò máa fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kọ a, b, d sí ojú afẹ́fẹ́. Nígbà tí ó bá lè tẹ ilẹ̀, yóò di ògiri mú, yóò sì máa gbé gìgísẹ̀ sókè, ẹsẹ̀ méjèèjì lákọ̀ọ́kọ́, kí ó tó kan ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà ni yóò dúró lórí ẹsẹ̀ kan, yóò la ojú, yóò sì di ojú. Ọ̀pọ̀ ni ẹnu yóò yà bí ojú dídì ti ń tú àṣírí ẹsẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni fífi ẹsẹ̀ kan fò síwájú àti sí ẹ̀gbẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọdébìnrin ti ń fò nínú àwọn ilà tí wọ́n fà sórí iyẹ̀pẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni sísáré wọ́gọwọ̀gọ, bọ́ọ̀lù sì ni ó kẹ́yìn. Ìtọ́jú ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kò tíì dúró sójú kan. Gabe Mirkin, dókítà ará Amẹ́ríkà tí ó kọ́ aráyé ní ìsinmi àti yìnyín ní ọdún 1978, òun fúnra rẹ̀ ni ó wí ní ọdún 2014 pé yìnyín lè fa ìwòsàn sẹ́yìn.

Nínú ètò yìí, ẹsẹ̀ kejì tí kò rọ́ ni ó gba ipò adìẹ. Iye ìgbà tí ó lè gbé gìgísẹ̀, bí ó ti lè dúró pẹ́ tó, ibi tí ó lè fò dé, òun ni a fi ń wọn èyí tí ó rọ́. Títí wọn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ọmọ náà kò tíì tó í padà, ìbáà jẹ́ pé ìdíje ilé-ìwé ku ọ̀la.

Irú eré-ìdárayá yìí kan náà ń dáàbò bo ẹni tí kò tíì fara pa. Ní ọdún 2014, Oluwatoyosi Owoeye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Èkó tẹ ìwádìí jáde lórí ètò ìmúra tí FIFA ń pè ní 11+, tí dídúró lórí ẹsẹ̀ kan wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù 20 ni wọ́n lò ní Èkó, ọ̀dọ́mọkùnrin 416, láti ọmọ ọdún 14 dé 19. Ìpalára àwọn tí ó ṣe ètò náà fi ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí kò ṣe é. Ti ẹsẹ̀ nìkan fi 48 dín. Ọ̀nà Òṣogbo tàbí Ilé-Ifẹ̀ lè jìn sí ọmọ Ara tí ń wá oníṣẹ́ físíò. Ètò yìí kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ eré-ìdárayá sì lè darí rẹ̀ lórí pápá ilé-ìwé pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo.