Ilá àti Elégédé: Ìtàn Ohun Ọbẹ̀ Méjì Tó Ń Hù Lẹ́yìnkùlé Wa

Tí òjò oṣù kẹrin bá ti rọ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta ní Àjàngbàdì, àwọn ìyá a máa rẹ èso ilá sínú agolo mílíìkì lálẹ́, kí èèpo rẹ̀ tó le lè rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ilẹ̀ tí wọn yóò gbìn ín sí gan-an ni kò sí mọ́. Láti Ìyànà-Ìbà títí dé Òkòkómáíkò, ilé ti fẹ̀gbẹ́ kan ilé. Síbẹ̀, àpò tí wọ́n bu iyẹ̀pẹ̀ sí, etí kànga, àti àyè tóóró tó wà láàárín ògiri àti fẹ́ǹsì, gbogbo rẹ̀ ló tó ilá gbé. Elégédé ní tirẹ̀ kì í béèrè àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: fẹ́ǹsì ni yóò gùn.

Ẹ̀yìnkùlé kan náà ni àwọn méjèèjì jọ wà lónìí. Àmọ́ ọ̀kan ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi pé kò sẹ́ni tó rántí ìgbà tó dé, èkejì sì gba orí òkun wá.

Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí ibi tí ilá ti ṣẹ̀. Àwọn kan ní Ethiopia ni, àwọn kan ní ìhà Íńdíà, àwọn mìíràn ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níbí. Ní 1216, Abu al-Abbas al-Nabati, onímọ̀ ewéko láti Seville ní Sípéènì, rí i ní Íjíbítì, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìgbà tó bá ṣì rọ̀ ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Onímọ̀ ewéko Linnaeus fún un ní orúkọ ìwé ní 1753. Moench, onímọ̀ ewéko mìíràn, yí i padà sí Abelmoschus esculentus ní 1794. Ṣùgbọ́n “okra”, orúkọ tí àwọn Òyìnbó ń fi ẹnu pè é, ọ̀dọ̀ àwọn Ígbò ni wọ́n ti gbọ́ ọ. “Gumbo” tí àwọn ará Louisiana ń pe ọbẹ̀ wọn, inú àwọn èdè Bantu ló ti wá. Ẹnu àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé orúkọ méjèèjì sọdá.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará ọ̀nà Àgbádárìgì gan-an. Títì tó gba iwájú Òkòkómáíkò kọjá, tí a ń wọ dáńfó lórí rẹ̀ lójoojúmọ́, èbúté tí wọ́n ti kó àwọn èèyàn wa lọ ló já sí. Ní Bahia, ní orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, àwọn ọmọ wọn ṣì ń se ilá pẹ̀lú epo pupa àti edé gbígbẹ. Caruru ni wọ́n ń pè é. Ní 27 oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ àwọn ẹni mímọ́ Cosme àti Damião, tí wọ́n so pọ̀ mọ́ Ìbejì, ọmọdé méje ni wọ́n kọ́kọ́ ń bu caruru fún kí àgbà tó fọwọ́ kàn án. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti àmàlà. Lọ́hùn-ún, tí wọ́n bá ní àwọn se amalá fún Ṣàngó, èlùbọ́ kọ́ ni wọ́n ń rò. Ilá tí a rẹ́ wẹ́wẹ́ ni. Ó jọ pé èlùbọ́ kò bá wọn débẹ̀, ọbẹ̀ ló kù, ó sì jogún orúkọ òkèlè.

Oríṣi ilá méjì ló wà lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe ọ̀kan. Ìgbà tó di nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn ni ìwé àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ya èkejì sọ́tọ̀ dáadáa, tí wọ́n ń pè é ní Abelmoschus caillei. Ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà ni wọ́n ti ń gbìn ín jù. Igi rẹ̀ ń nípọn, ó ń ga ju èèyàn lọ, kì í sì í tètè so. Ó di ìgbà tí ọ̀sán bá kúrú sí i, nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, kí ó tó tanná. Nítorí náà, ìgbà tí ilá yòókù bá ti kú tán ní ẹ̀ẹ̀rùn ni òun ń so. Òwe wa pé ilá kì í ga ju onírè lọ, mo gbà pé ilá yìí ló ń bá wí, nítorí títẹ̀ ni à ń tẹ igi rẹ̀ wálẹ̀ kí ọwọ́ tó tó o.

Ilá kúkúrú tó tètè ń so ló gba ọjà lónìí. Ní 1975 ni ìjọba dá iléeṣẹ́ ìwádìí NIHORT sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Lára ilá tí wọ́n mú jáde ni NHAe 47-4 àti LD 88. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 1976, Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé Operation Feed the Nation kalẹ̀, pé kí oníkálukú gbin ohun tí yóò jẹ. Ètò náà kò tọ́jọ́, ṣùgbọ́n ilá ò kúrò lẹ́yìn ilé. Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó ń gbin ilá jù lágbàáyé, Íńdíà ló ṣáájú.

Elégédé ní tirẹ̀, Amẹ́ríkà ló ti wá. Nínú ihò àpáta Guilá Naquitz ní Mẹ́síkò, wọ́n rí èso irú rẹ̀ kan tó ti tó nǹkan bí 10,000 ọdún. Lẹ́yìn ìrìn àjò Columbus ní 1492 ni àwọn oníṣòwò ojú òkun, pàápàá àwọn Potogí, ń kó irúgbìn ibẹ̀ wá sí etíkun wa, bí àgbàdo, ata àti ẹ̀gẹ́. Elégédé kò ṣe àlejò pẹ́, nítorí ìdílé rẹ̀ ti wà nílé: akèrègbè àti ẹ̀gúsí jọ jẹ́ ẹbí ni.

Àwọn Òyìnbó ń já irú elégédé kan ní kékeré, kí èèpo rẹ̀ tó le. Ìhà Milan ní Ítálì ni wọ́n ti mú èyí tí wọ́n ń pè ní zucchini jáde. Tí ẹ bá gbin zucchini ní agbègbè Ọjọ́ wa níbí, ìyẹ̀fun funfun ni yóò bo ewé rẹ̀ láìpẹ́. Ọ̀rinrin wa kò bá a lára mu. Elégédé tiwa, Cucurbita moschata, ló lè fara da ooru. Ẹ já a nígbà tó tó ìkúùkù, ẹ gé e sínú ọbẹ̀ ata pẹ̀lú irú, ẹ ó rí i pé a kò nílò ti Ítálì. Àwọn ará Kòríà ń jẹ irú rẹ̀ ní kékeré bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ewé elégédé, gbọ̀rọ̀, ni ìyá mi fẹ́ràn jù. Á ṣẹ́ ìdí ewé náà díẹ̀, á sì fa awọ tẹ́ẹ́rẹ́ onírun náà wálẹ̀ bí okùn, kó má baà ha ọ̀fun. Tí elégédé bá tanná tí kò so, oyin ni kò dé ibẹ̀. Ẹ já òdòdó akọ ní àárọ̀ kùtù, ẹ fi àárín rẹ̀ ra àárín òdòdó abo, èyí tí ọmọ kékeré wà nídìí rẹ̀.

Ní ti ilá, ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn òdòdó ni ká já a. Ẹ ṣẹ́ ṣóńṣó ìdí rẹ̀: tó bá dún pàkà, ó ṣì rọ̀, tó bá tẹ̀, ó ti kó. Ẹ rẹ́ ẹ, ẹ fi káún díẹ̀ sí i kó lè fà, ẹ má sì dé ìkòkò rẹ̀, kí àwọ̀ rẹ̀ má baà ṣá. Èyí tó bá pọ̀ jù, ẹ sá a sóòrùn kó di orúnlá.

Ilá gíga àtijọ́ yẹn ló ń dínkù láàárín wa, nítorí olóko tó ń tà kò lè dúró dè é. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbìn fún ìkòkò tiyín lè dúró. Tí ẹ bá rí ẹni tó ní i, ẹ tọrọ èso. Lórí igi tó bá dára jù, ẹ fi ilá méjì sílẹ̀ láìjá, kó gbẹ títí yóò fi là fúnra rẹ̀. Ẹ kó èso inú rẹ̀ sínú ìgò pẹ̀lú eérú, kí ẹ sì fún aládùúgbò yín ní ìdajì.