Jẹ̀díjẹ̀dí Kò Ní Nọ́ńbà

Ẹni tí ìdí ń dùn ní Òṣogbo tàbí Iléṣà lè dé ọsibítù kó ní jẹ̀díjẹ̀dí ló ń yọ òun lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò: ìdí yíyọ wà nínú rẹ̀, ẹ̀yìn ríro wà níbẹ̀, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń ka àìlera ọkùnrin mọ́ ọn, wọn a sì di gbogbo ẹ̀bi ru ṣúgà. Ìwé orúkọ àìsàn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń bójú tó láti 1948 kì í kó wọn pọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú àtúnṣe rẹ̀ kẹwàá, K64 ni nọ́ńbà ìdí yíyọ, M54.5 ni ti ẹ̀yìn ríro, M53.3 ni ti ìrora egungun ṣóńṣó ìdí. Bí egungun ọ̀hún bá kán, ó di S32.2. Àwọn kan á ní èdè wa ló da nǹkan rú. N kò gbà. Ẹnu aláìsàn ni àyẹ̀wò ti ń bẹ̀rẹ̀. Dókítà tó gbọ́ jẹ̀díjẹ̀dí, tó kọ ẹ̀yìn ríro, tí kò béèrè bóyá onítọ̀hún ṣubú, òun ló da á rú.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti rí àkọsílẹ̀ tó dára jùyẹn lọ. Ní 1956 ni David Morley, dókítà ọmọdé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tó ti ṣètò ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, káàdì kan ni wọ́n fi ń tọpa ìwọ̀n ọmọ láti oṣù dé oṣù, kí ojú lè rí i bóyá ó ń dàgbà tàbí ó dúró sójú kan. Ìyá ló ń gbé e lọ sílé. Ṣé ìyá tí kò mọ̀wé kò ní sọ ọ́ nù? Wọ́n fi í sínú àpò ọ̀rá, àwọn ìyá sì pa á mọ́. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Ẹnìkan lè sọ pé káàdì wà fún ìtọ́jú, nọ́ńbà wà fún kíkà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tí a kọ nìkan la lè kà. Bí gbogbo ìdí dídùn bá ń di M54.5, ìṣirò ìpínlẹ̀ yóò ní egungun ìdí kì í dun ẹnikẹ́ni l'Ọ́ṣun. Èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà dókítà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́ta tó yẹ kó bi aláìsàn kò gùn: Ṣé ẹ ṣubú ni? Ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni? Ṣé ìjókòó ló ń mú un le?