Kí Ìbọn Tó Dún ní Goose Green

Ọjọ́bọ, ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún, ọdún 1982. Òru. Ní erékùṣù Falklands, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Argentina ń jà lé lórí, àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi 450 tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n ń ti orí òkè Sussex bọ̀ wá sí ìhà gúúsù. Òtútù mú. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, ó sì ti fa omi yó. Bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ̀ ẹ́, omi a wọnú bàtà. Wọ́n ti fi àpò ẹrù ńlá sílẹ̀ lẹ́yìn. Ọta ìbọn ni wọ́n gbé. 2 Para ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn, ìyẹn ẹgbẹ́ kejì ọmọ ogun Parachute. Herbert Jones ni ọ̀gá wọn, ẹni tí gbogbo wọn mọ̀ sí H.

Àfẹ̀mọ́júmọ́. Wọ́n dé Camilla Creek House, ilé àdádó kan tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n wa kòtò káàkiri pápá, kí wọ́n sùn sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òtútù yìí pọ̀. H ní kí wọ́n wọlé. Gbogbo ẹgbẹ́ ogun náà há sínú ilé kan ṣoṣo àti àwọn ahéré tó yí i ká. Inú yàrá kún, inú kọ́bọ́ọ̀dù pàápàá kún. Àwọn kan sùn ní ìjókòó. Bọ́ǹbù kan ṣoṣo ti tó láti pa wọ́n tán. Ohun tó fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ ni pé ọ̀tá kò mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀.

Àkókò kan náà, ní abúlé Goose Green, tí kò ju ìrìn wákàtí díẹ̀ lọ. Ará abúlé 114 wà ní àtìmọ́lé nínú gbọ̀ngàn ìlú, àtọmọdé àtàgbà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù ni àwọn ọmọ ogun Argentina ti kó wọn síbẹ̀. Orí ilẹ̀ pákó ni wọ́n ń sùn. Wọ́n tún rédíò ògbólògbòó kan ṣe níkọ̀kọ̀. BBC ni wọ́n ń fi gbọ́.

Òwúrọ̀. Ní Camilla Creek House, rédíò kan wà ní títàn. BBC náà ni. Ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn balẹ̀ bó ṣe máa ń balẹ̀. Ó ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun Parachute kan ti súnmọ́ abúlé Darwin àti Goose Green, wọ́n sì ti múra tán láti kọlù wọ́n. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sórí ìròyìn mìíràn.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà. Inú H ru. Ó ní bí ẹnì kan bá kú, òun yóò pe àwọn tó fa èyí lẹ́jọ́. Ó pàṣẹ kí gbogbo wọn jáde, kí wọ́n tú ká. Àwọn tí aṣọ wọn kò tíì gbẹ gbé ṣọ́bìrì. Wọ́n ń wa kòtò nínú ilẹ̀ tútù, wọ́n ń gbójú sókè wo òfurufú. Robert Fox dúró láàrin wọn. Oníròyìn BBC ni.

London, níbi tí aago ti ṣáájú ti Falklands. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọjọ́ méjì tí ọkọ̀ ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Coventry, rì, tí ọ̀tá sì kọlu Atlantic Conveyor. Ọkọ̀ Ardent àti Antelope ti rì ṣáájú ìgbà náà. Ará ìlú fẹ́ gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni BBC ti wà lẹ́nu àwọn olóṣèlú. Wọ́n ní kì í pe ọmọ ogun ìlú ní “tiwa”, “ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì” ló ń pè wọ́n. Thatcher, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fúnra rẹ̀ sọ fún ilé aṣòfin pé àwọn oníròyìn kan ń ṣe bí ẹni pé ọgbọọgba ni ìlú wọn àti ọ̀tá. Ọ̀gá kan ní BBC dáhùn pé opó tó wà ní Portsmouth kò yàtọ̀ sí opó tó wà ní Buenos Aires. Ìyẹn tún bí wọn nínú sí i.

Ọ̀sán. Àwọn ọmọ ogun Argentina kan wa Land Rover wá wo àyíká. 2 Para mú wọn. Àwọn ọkọ̀ òfurufú Harrier ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ju bọ́ǹbù. Ìbọn ọ̀tá já ọ̀kan nínú wọn bọ́. Awakọ̀ rẹ̀ fò jáde, ó sì lọ fara pamọ́ sínú pápá. H pe àwọn ọ̀gágun sí ìpàdé. Wọn kò pé, nítorí wọ́n ti fọ́n ká jìnnà. Wọ́n sún ìpàdé síwájú.

Ìrọ̀lẹ́. Ìpàdé wá wáyé. Máàpù wà nílẹ̀, ilẹ̀ sì ń ṣú. H pín ogun náà sí ipele mẹ́fà. Ó ń yára sọ̀rọ̀, àwọn ọ̀gágun ń yára kọ ọ́ sílẹ̀.

Alẹ́. Hẹlikópítà gbé ìbọn ńlá mẹ́ta wá. Mẹ́ta péré.

Aago méjì ààbọ̀ òru, ọjọ́ 28. Ìbọn àkọ́kọ́ dún lẹ́bàá Burntside House.

Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ òwúrọ̀. Ilẹ̀ ti mọ́ bá wọn ní pápá gbalasa lábẹ́ òkè Darwin. Ogun kò tẹ̀ síwájú. H sáré lọ sí ihò ọ̀tá kan. Ìbọn bà á láti ẹ̀gbẹ́. Ó kú síbẹ̀.

Ọjọ́ kejì, ìyẹn ọjọ́ 29, Argentina túúbá ní Goose Green. Àwọn 114 jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn. Ará Gẹ̀ẹ́sì tó kú lé ní 15, ti Argentina sì lé ní 40. Wọ́n ní àwọn ará Argentina gbọ́ ìkéde rédíò náà, ṣùgbọ́n wọ́n kà á sí ẹ̀tàn, torí wọn kò gbà pé ìlú kan lè fẹnu ara rẹ̀ tú àṣírí irú èyí.

Lọ́dún yẹn náà, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin lórí ètò ààbò wádìí bí wọ́n ṣe ṣe ìròyìn ogun náà. Robert Fox kọ́ ló tú àṣírí. Ó ti mọ ibi tí ogun ń lọ kí rédíò tó sọ ọ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó tilẹ̀ fẹ́ sọ ọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí oníròyìn bá kọ ní Falklands kí ó tó kúrò níbẹ̀. London ni ọ̀rọ̀ ti jò, láàrin àwọn olóṣèlú àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wá ìròyìn ayọ̀ fún ará ìlú, àwọn kan náà tó ń bèèrè ìlú tí BBC ń ṣe tirẹ̀. H kò ṣì í mọ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Lára àwọn tó ní òun yóò pè lẹ́jọ́ ni John Nott, mínísítà ètò ààbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà.